Orúkọ Tí Bàbá Àgbà Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gbẹ́ Sára Òkúta

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ pé ó fún mi ní bàbá méjì: ọ̀kan tó bí mi, tí mi ò rántí ojú rẹ̀ dáadáa, àti ọ̀kan tó tọ́ mi, tí mo mọ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo dúpẹ́ pé èyí tó tọ́ mi di arúgbó, pé orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, pé a sì mọ ibi tí a sin ín sí. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló rí irú èyí gbà, ilé wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ wa pẹ̀lú. Àwọn ló kọ́ mi ní ìwé kíkà, àwọn ló kọ́ mi pé kí n máa sọ òtítọ́. Òtítọ́ náà ni mo fẹ́ sọ báyìí, bí kò tilẹ̀ ní dùn mọ́ wọn.

Inú ń bí mi. Mo ti gbàdúrà lórí rẹ̀, ó ṣì ń bí mi. Lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá àgbà, àlùfáà wa gun orí àga ìwàásù, ó ní ọ̀mọ̀wé ni Tísà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ayé ti sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ di tútù. Pé nísinsìnyí tó ti dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ti mọ̀ pé òun ṣìnà. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi ò ṣe. Ẹni tí kò lè dáhùn mọ́ ni wọ́n ń bá wí, òkú tó wà nínú pósí níwájú wọn. Nígbà tó lè dáhùn, ta ló dúró gbọ́ ọ tán nínú wọn?

Tísà ni gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ń pè é, títí kan àwọn tó jù ú lọ. Ìtàn ayé ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé ìjọ títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ pálọ̀ wa di iléèwé. Ilé wa wà níbi tí Olówógbowó ti ń parí tí Ìsàlẹ̀ Èkó ti ń bẹ̀rẹ̀, ilé alájà tí bàbá rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti Sàró dé. Láràárọ̀, tó bá ti mu tíì tán, á mú agbòòrùn rẹ̀, òjò ì báà ṣú tàbí kó má ṣú, á rìn lọ sí Màrínà láti wo ọkọ̀ ojú omi. Bí iléèwé bá ti wọ ìsinmi, á mú mi dání.

Nígbà kan, ọkọ̀ ogun Ìlú Ọba wá gúnlẹ̀. Wọ́n kó àwa ọmọ iléèwé jọ sétí omi, wọ́n fún wa ní àsíá kéékèèké pé ká máa fì í. Bàbá àgbà dúró lẹ́yìn wa. Ìyá Bísí tó ń ta búrẹ́dì nítòsí pariwo pé, "Tísà, ọkọ̀ yìí mà dára o! Ẹ wo bó ṣe ń dán!"

"Ó ń dán lóòótọ́, Ìyá Bísí. Ti àwọn ọ̀tá tí wọ́n torí wọn kàn án náà ń dán."

"Ẹ ò rí i! Tísà ò ní jẹ́ kéèyàn gbádùn nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń padà bọ̀, ó gba àsíá ọwọ́ mi, ó ká a, ó fi sápò kóòtù rẹ̀, ó ní: "Má máa wo àsíá. Ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí ni kó o máa wò."

Ní iléèwé, wọ́n kọ́ wa pé ogun Jámánì kejì bẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ọkùnrin burúkú kan jẹ olórí níbẹ̀. Mo gbé e délé, mo kà á sókè fún Bàbá àgbà bí ẹni ń ka katikísímù. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní ìkà ni ọkùnrin náà, Ọlọ́run á sì dá a lẹ́jọ́. Ó wá ní:

"Àwọn ìkà èèyàn wo lo mọ̀ ládùúgbò yìí?"

Mo dárúkọ àwọn tí mo mọ̀. Mo fi ọkùnrin tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì kún un, nítorí ó máa ń fà wá létí.

"Kí ló dé tí wọn kò jagun?"

"Ọlọ́pàá wà, sà."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ọlọ́pàá wà! Tóò, ta ni ọlọ́pàá àwọn ìjọba?"

Ó wá fà mí mọ́ra, ó ṣàlàyé. Kò sí kóòtù tó ga ju àwọn ìjọba lọ tó lè fi tipátipá dá wọn dúró. Nítorí náà, olúkúlùkù ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Tí ọ̀kan bá ń lágbára sí i, bí kò tilẹ̀ gbèrò ibi, èkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í fòyà. Ẹni tó ń fòyà á kó ìbọn jọ. Èyí àkọ́kọ́ á rí ìbọn náà, àyà tirẹ̀ náà á já. Ó sọ fún mi nípa ìlú Gíríìkì méjì láyé àtijọ́, Áténì àti Sípátà, tí wọ́n jọ lé ọ̀tá kan náà lọ, tí wọ́n wá ń ṣọ́ ara wọn títí wọ́n fi run ara wọn. Ó sọ nípa ogun Jámánì àkọ́kọ́, bí Ìlú Ọba ṣe ń ka ọkọ̀ ogun Jámánì, tí Jámánì náà ń ka ojú irin Rọ́ṣíà tó lè kó ọmọ ogun wá. Ó ní ọkùnrin burúkú lè dá iná, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló to igi jọ. "Èèyàn burúkú wà nígbà gbogbo," ó ní. "Ogun ńlá kì í wà nígbà gbogbo. Lọ wá ohun tó mú ìyàtọ̀ wá."

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé e tó bẹ́ẹ̀ ni pé òun náà ti jagun rí, òun àti Àlájì.

Àlájì ni aládùúgbò wa tó ń ta aṣọ, ògiri ẹ̀yìnkùlé kan ló wà láàárín wa. Olè fo ògiri wọlé wa, ó kó aṣọ Màmá àgbà lórí okùn. Bàbá àgbà ní kí bíríkìlà fi àfọ́kù ìgò sórí ògiri náà. Kò sọ fún Àlájì. Àlájì jí, ó rí ìgò, ó ní ṣé àwọn ọmọ òun ni Tísà ń pè ní olè. Òun náà kò béèrè. Ó kan páànù gíga mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ò wọ ilé ìdáná wa mọ́. Bàbá àgbà ní kí ni wọ́n ń fi pamọ́ lẹ́yìn páànù? Ó mú ògiri ga sí i. Àlájì gba mẹ́gàdì tó ní àdá. Bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá mẹ́gàdì tiwa. Màmá àgbà àti àwọn ìyàwó Àlájì kò kí ara wọn mọ́.

Olóyè àdúgbò ló ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì.

"Àlájì, kí lẹ ń fi páànù ṣe?"

"Ìgò Tísà ni, Olóyè. Ó pè wá lólè."

"Tísà, kí lẹ ń fi ìgò ṣe?"

"Olè ló kó aṣọ ìyàwó mi."

Àlájì dìde dúró. "Olè kẹ̀? Olè yẹn kó tiwa náà! Ó kó agbádá tí mo fẹ́ fi kírun Iléyá!"

Wọ́n ní Olóyè rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣí. Láti ọjọ́ yẹn ni Àlájì àti Bàbá àgbà ti di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Wọ́n ká páànù kúrò, wọ́n fi ìgò sílẹ̀, wọ́n ní ti olè nìkan ni. Nígbàkúgbà tí Bàbá àgbà bá ń sọ ìtàn náà, kì í dá ara rẹ̀ sí. "Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ogun! Ẹ̀rù ló bà mí, mo rò pé ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó lè ránṣẹ́ pe èmi àti Àlájì."

Irú èèyàn yìí ni wọ́n ń pè ní aláìgbàgbọ́.

Ó máa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà títí eékún rẹ̀ fi le. Òun ló máa ń ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi nídìí idì onídẹ tí wọ́n ń gbé Bíbélì lé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohùn rẹ̀ á sì dé ìta. Àlùfáà tó wà níbẹ̀ báyìí, Bàbá àgbà ló kọ́ ọ ní ìwé ní kékeré, síbẹ̀ nítorí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Àlùfáà máa ń wá mu omi jínjà Màmá àgbà ní pálọ̀ wa, wọ́n á sì máa jiyàn. Ó ní bí àwọn orílẹ̀-èdè bá fẹ́ràn ara wọn bí Jésù ti wí, ogun á tán.

"Àlùfáà, èèyàn ni Olúwa pa àṣẹ yẹn fún."

"Tísà, àwọn èèyàn kọ́ ló wà nínú orílẹ̀-èdè ni?"

"Àwọn ni. Ẹ wo bàbá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ẹ fi ṣe mínísítà ogun. Ìfẹ́ tó ní sí ọmọ tirẹ̀ gan-an ló máa mú un rán ọmọ ẹlòmíràn lọ kú." Ó gbé gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò tíì rí orílẹ̀-èdè tó ṣe ìrìbọmi."

Kì í ṣe nítorí àtijiyàn ló ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi, Ayọ̀délé, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, kú sógun Jámánì kejì ní Bọ́mà. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà. Wọ́n lẹ àwòrán mọ́ ògiri, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí redifúṣọ̀n pé ogun náà ogun òmìnira ni, ó sì fọwọ́ síwèé. Wáyà ìròyìn ikú rẹ̀ ló padà wá. Kò sí pósí, kò sí sàréè tí a mọ ojú ọ̀nà rẹ̀. Ìyá mi padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, èmi kù sọ́dọ̀ Bàbá àgbà.

Nígbà tí ìjọ fẹ́ gbé òkúta ìrántí mọ́ ògiri fún àwọn ọmọ ìjọ tó kú sógun, Bàbá àgbà wà nínú ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ sókè orúkọ wọn ni pé: "Wọ́n kú kí gbogbo ènìyàn lè wà ní òmìnira." Bàbá àgbà ní kí wọ́n kọ pé wọ́n kú nínú ogun, kí wọ́n dúró níbẹ̀. Wọ́ọ̀dìn ìjọ ní ìyẹn kò tu ẹnikẹ́ni nínú.

"Ṣé irọ́ ni ká wá fi tù wọ́n nínú, nínú ilé Ọlọ́run?"

"Tísà, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ọmọ yín kú lásán?"

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bi bàbá tó ń ṣọ̀fọ̀! Ó ní òun kò sọ pé lásán. Ó ní òmìnira gbogbo ènìyàn kọ́ ni wọ́n lọ jà fún, torí Ìlú Ọba tó pè wọ́n lọ sógun ṣì jókòó sórí wa ní Màrínà níbẹ̀ yẹn, kò sì tíì dìde. Wọ́n dìbò, wọ́n borí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ òun kúrò.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta náà, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Àlùfáà ń ka orúkọ. Bó bá ti ka ọ̀kan, àwọn ará ilé onítọ̀hún á dìde. Nígbà tó ka èyí tó kẹ́yìn, tó fẹ́ pa ìwé dé, Bàbá àgbà dìde láyè rẹ̀, nínú kóòtù dúdú, ó di ọwọ́ mi mú, èmi náà dìde. Ohùn tó fi ń ka ẹ̀kọ́ ló fi sọ ọ́:

"Ayọ̀délé, ọmọ mi. Àwọn alágbára bẹ̀rù ara wọn, wọ́n sì fi ọmọ tí kì í ṣe tiwọn ná."

Ó jókòó. Ẹni tó ń tẹ dùùrù kàn sáré bẹ̀rẹ̀ orin.

Wọ́n gba ẹ̀kọ́ kíkà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e fún akọ̀wé kan tí kò lè pe Nebukadinésárì kó má kọsẹ̀. Wọ́n ní Tísà ti di kèfèrí, pé ó ba ọjọ́ ọlọ́wọ̀ jẹ́. Ta ló ba ọjọ́ jẹ́? Ẹni tó parọ́ lórí òkú ni àbí ẹni tó pe orúkọ ọmọ rẹ̀? Bàbá àgbà kò fi ìjọ sílẹ̀. Àga ẹ̀yìn ló bọ́ sí, ó ń kọ orin síbẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ni mo wá bá. Wọn kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi."

Bí mo ṣe ń bínú sí wọn tó yìí, mi ò ní purọ́ pé ohun tó ṣe kò dun ẹnikẹ́ni nílé. Ó dun Màmá àgbà. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá tó kù máa ń lọ sídìí òkúta náà, wọ́n á fi àńkáṣíìfù nu orúkọ ọmọ wọn, wọ́n á fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n gbẹ́. Ó ti wá di àṣà wọn. Màmá àgbà á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àńkáṣíìfù tirẹ̀ lọ́wọ́, á máa dúró dè wọ́n. Ní iléèwé, wọ́n máa ń bi èmi náà pé, "Tìẹ dà?"

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, Màmá àgbà sọ ọ́. Kò gbé ohùn sókè.

"Tísà, ẹ̀yin lẹ ni ọgbọ́n ogun. Èmi ni mo bí i. Mi ò rí òkú rẹ̀, mi ò rí sàréè rẹ̀. Mo fẹ́ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ lé."

Bàbá tí àwọn àlùfáà ò lè borí lórí ìjiyàn, ojú àwo rẹ̀ ló ń wò. Ọ̀rọ̀ tó rí sọ kò ju èyí lọ: "Mo mọ̀, Ìyá Délé. Mo mọ̀."

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ odò àfọwọ́gbẹ́ Súẹ́sì dé, èyí tí Íjíbítì gbà fún ara rẹ̀. Àlájì máa ń wá sí pálọ̀ wa gbọ́ redifúṣọ̀n, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ará Íjíbítì ń ká a lára. Ìlú Ọba àti Faransé lọ ju bọ́ǹbù sí wọn. Àlájì ń gbọn orí: "Tísà, àwọn tó ja ogun òmìnira nìyí?" Lẹ́yìn náà Amẹ́ríkà ní kí Ìlú Ọba àti Faransé jáde, wọ́n sì kó ẹrù wọn kúrò. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àlùfáà wàásù pé ẹ̀rí ọkàn Kristẹni ló bá Ìlú Ọba sọ̀rọ̀. Bàbá àgbà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà.

"Àlùfáà, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ìgbà wo ni ẹ̀rí ọkàn Ìlú Ọba kó lọ sí Amẹ́ríkà?"

Àlájì tó wà lójú títì gbọ́, ẹ̀rín pa á. Ṣùgbọ́n Bàbá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó ní inú òun ì bá dùn ká ní àlùfáà ló jàre, kì í ṣe òun. "Ohun tó dùn mí jù nípa ohun tí mo gbà gbọ́ nípa àwọn ìjọba yìí," ó ní, "ni pé ó máa ń já sí òótọ́."

Ó kú ní wọ́ọ́rọ́wọ́, láàárọ̀, bíbélì rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Ohun tí wọ́n sọ níbi ìsìnkú, mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, àlùfáà àti wọ́ọ̀dìn wá sí pálọ̀ wa. A gbé omi jínjà fún wọn. Àlájì wà níbẹ̀, ó wá kí wa. Wọ́ọ̀dìn ní àyè ṣì wà nísàlẹ̀ òkúta ìrántí. Ní báyìí tí Tísà ti sinmi, tí kò sí ẹni tí yóò ṣe àtakò, bí Màmá bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, agbẹ́kùúta á gbẹ́ orúkọ Ayọ̀délé mọ́ àwọn yòókù.

Ara mi gbóná. Ilẹ̀ sàréè rẹ̀ kò tíì gbẹ! Wọn kò lè borí rẹ̀ láàyè, wọ́n dúró dìgbà tó kú. Mo fẹ́ la ẹnu, Màmá àgbà gbé ọwọ́ sókè. Mo bẹ̀rù ohun tó máa sọ, nítorí mo mọ bó ti pẹ́ tó tó ti ń fẹ́ orúkọ yẹn.

"Kí lẹ kọ sókè níbẹ̀, Àlùfáà? Ẹ bá mi kà á."

"Wọ́n kú kí gbogbo ènìyàn lè wà ní òmìnira, Mà."

"Gbogbo ènìyàn. Àwa náà wà níbẹ̀?"

Àlùfáà fọwọ́ kan kọ́là rẹ̀. "Ìtumọ̀ rẹ̀, Mà—"

"Mi ò béèrè ìtumọ̀. Ọkọ mi ti túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo sì bá a jà títí." Ó na àńkáṣíìfù tó wà lórí itan rẹ̀. "Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì gùn. Ẹ wá ibòmíràn lára rẹ̀. Ẹ gbẹ́ orúkọ ọmọ mi síbẹ̀ fún mi, kí ó jinlẹ̀ dáadáa kí ìka mi lè wọ̀ ọ́. Ẹ má kọ nǹkan kan sókè rẹ̀. Ẹ má kọ nǹkan kan sísàlẹ̀ rẹ̀."

"Mà, kò sí irú rẹ̀ nínú ìlànà ìjọ."

"Ẹ lọ bi ìlànà náà bóyá ó bímọ rí."

Àlájì pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Tísà ò kú."

Wọ́n lọ. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ á jókòó lé e lórí. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, ìgbìmọ̀ ṣì jókòó. Màmá àgbà ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Mo bẹ ẹ̀yin ọmọ ìjọ tẹ́ ẹ bá ka ìwé yìí, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dìde. Ohun tí ìyá náà ń béèrè kò ju ibi tí ìka lè wọ̀. Kí wọ́n tó ṣe é, mo gbẹ́ ẹ síbí, láìfi ohunkóhun sókè rẹ̀:

Ayọ̀délé

Ìwọ tó kà á dé ibí, kí Ọlọ́run bù kún ọ. Kí ẹ̀rù àwọn alágbára má kan ilé rẹ. Kí o máa pe orúkọ ọmọ rẹ láàárọ̀, kí o sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń dá ọ lóhùn láti yàrá kejì.